Ọyẹ́ ń bọ̀: Bí àwọn ará Tamale ṣe ń tún ilé àti àgbàlá ṣe kí omi tó wọ́n

Nígbà tí Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Toronto bá sọ pé òun ń tọ́jú ilé sílẹ̀ de ìgbà òtútù, ohun tó máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, aṣọ tó nípọn, àti yìnyín tó máa bo ẹnu ọ̀nà.

Ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá lórílẹ̀èdè Ghana, kò sí yìnyín. Ọyẹ́ ni ìgbà òtútù tiwọn. Síbẹ̀, kì í ṣe òtútù ni onílé níbẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Ohun mẹ́ta ló ń bà á lẹ́rù: afẹ́fẹ́ gbígbẹ, iná, àti ọ̀wọ́n omi.

Àkókò tí wọ́n ní láti múra sílẹ̀ kò sì gùn. Òjò máa ń dá lápá ìparí oṣù Kẹwàá. Eruku ọyẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀run lápá ìparí oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló wà láàrin méjèèjì. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, omi ṣì wà nínú adágún, ilẹ̀ ṣì rọ̀, koríko kò sì tíì gbẹ tán.

Bí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí bá ti kọjá, iṣẹ́ tí èèyàn ì bá fi ọjọ́ kan ṣe lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Òmíràn kò ní ṣeé ṣe mọ́ rárá, àfi tí òjò bá tún padà dé.

Níbo ni ọyẹ́ ti ń wá?

Ọyẹ́ jẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ tó ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sahara, wá sí etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan lára ibi tí eruku rẹ̀ ti ń wá jù lọ ni Bodélé, ilẹ̀ kòtò ńlá kan ní àríwá orílẹ̀èdè Chad, láàrin òkè Tibesti àti òkè Ennedi.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, abẹ́ omi ni Bodélé wà. Ara adágún Chad ni, nígbà tí adágún náà ṣì tóbi ju bó ṣe wà lónìí lọ fíìfíì. Nígbà tí omi gbẹ, ohun tó kù nílẹ̀ ni eruku funfun tó fúyẹ́, tó jẹ́ àjẹkù àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín inú omi. Atẹ́gùn tó ń gba àárín òkè méjèèjì kọjá ló ń gbé eruku yìí sókè.

Lára rẹ̀ ni ó ń bà lé orí tábìlì ní Tamale, Kano, Ìlọrin àti Parakou. Òmíràn ń sọdá òkun Atlantic. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé eruku Sahara ń dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó sì ń di ajílẹ̀ fún igi ibẹ̀.

Tamale sún mọ́ aṣálẹ̀ ju Accra tàbí Èkó lọ. Ní Accra àti Èkó, òjò máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún. Ní Tamale, àsìkò òjò kan péré ló wà, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún títí di oṣù Kẹwàá. Onílé mọ̀ pé bí òjò bá ti lọ, ó máa tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó padà.

Nígbà ọyẹ́, òru lè tutù tó ìwọ̀n 18 sí 20 ní òṣùwọ̀n Celsius, kí ọ̀sán ọjọ́ kan náà sì lé ní 30. Afẹ́fẹ́ á gbẹ débi pé aṣọ tí wọ́n sá á gbẹ kíákíá, ètè á bẹ́, pákó á sán, ilẹ̀kùn tó há nígbà òjò á sì máa ṣí wọ́ọ́rọ́.

Àwọn òyìnbó tó gbé ní etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́ máa ń pe atẹ́gùn yìí ní "dókítà", nítorí pé ó ń lé ọ̀rinrin àti ooru etí òkun lọ. Ẹni tó ń gbé ní Tamale mọ̀ pé dókítà yìí ní owó tó ń gbà.

Ògiri àti òrùlé: Iṣẹ́ tó nílò omi ló ń ṣíwájú

Ilé àwọn Dagomba, tí wọ́n ni ilẹ̀ Tamale, jẹ́ agboolé. Yili ni wọ́n ń pè é ní èdè Dagbani. Yàrá rìbìtì lóríṣiríṣi ló yí àgbàlá ká, ògiri sì so wọ́n pọ̀. Yàrá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní zong ni èèyàn máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba àlejò.

Lónìí, ilé búlọ́ọ̀kù àti páànù ti pọ̀ nínú ìlú. Àmọ́ ilé amọ̀ ṣì wà ní àwọn àdúgbò àtijọ́ àti ní abúlé tó yí Tamale ká.

Òjò ló máa ń jẹ ìdí ògiri amọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá fẹ́ lé e, ibi tí òjò ti jẹ á gbẹ, á sì sán. Lọ́dún 2007, nígbà tí omíyalé ńlá ṣẹlẹ̀ ní àríwá Ghana lóṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé amọ̀ ló wó. Ìdílé tí ilé rẹ̀ wó ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láti mọ ògiri tuntun kí omi tó lọ.

Ìdí tí àtúnṣe ògiri fi ń ṣíwájú nìyẹn. Amọ̀ nílò omi. Nínú oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá, ilẹ̀ ṣì rọ̀ láti wà, omi tí wọ́n máa fi pò ó sì wà nítòsí. Tó bá di oṣù Kejì, omi tí obìnrin rìn jìnnà kó tó pọn, kì í ṣe ara amọ̀ ni wọ́n máa dà á sí.

Ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ní àríwá Ghana kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Wọ́n á po amọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù. Wọ́n á wá rẹ èèpo èso igi igbá sínú omi tàbí kí wọ́n sè é, títí omi náà á fi pọ́n tó sì ki. Igi igbá yìí kan náà ni Yorùbá ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, tí wọ́n ń pè ní dawadawa ní Ghana. Hóró ń lọ sínú ọbẹ̀, omi èèpo ń lọ sára ògiri àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí amọ̀ le, kí omi má sì tètè wọnú rẹ̀.

Láti ayébáyé, ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ rírẹ́ ògiri àti ilẹ̀ wà. Ní Sirigu, ní ẹkùn Upper East, àwọn obìnrin máa ń ya àwòrán sára ògiri tí wọ́n bá rẹ́ tán, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ SWOPA sílẹ̀ lọ́dún 1997 kí iṣẹ́ náà má baà parun. Ní òdìkejì ààlà, ní Burkina Faso, irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà lára ògiri ààfin Tiébélé, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2024.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Àkeekèé àti ejò náà máa ń wá ibi tí wọ́n máa sá pamọ́ sí. Ihò tí wọ́n bá dí nínú oṣù Kọkànlá, ọmọ tó ń sùn lórí ẹní ni wọ́n fi ń dáàbò bò.

Ní ti òrùlé, koríko ló ń pinnu àkókò. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí koríko gbó, kó sì gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó gé e. Àmọ́ bí wọ́n bá pẹ́ jù, iná igbó á ti jó o mọ́lẹ̀. Ìdílé tí kò bá tètè gé koríko tiẹ̀ lè máa fi owó ra ohun tó ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé.

Ọ̀yọ́ ilé náà mọ irú ètò yìí. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń gbé koríko bẹẹrẹ wá síwájú ọba láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí koríko náà bá ti gbó.

Ẹni tó ń gbé ilé páànù náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ìgbà yìí ló rọrùn jù láti gun òrùlé, kí wọ́n kan ìṣó tó ti tú, kí wọ́n sì kó ewé kúrò nínú gọ́tà. Ìjì líle tó máa ń ṣíwájú òjò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ ló ń ṣí páànù tí ìṣó rẹ̀ ti dẹ̀.

Àgbàlá: A kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Lẹ́yìn ògiri, àgbàlá ló kàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ rọrùn láti sọ: wọ́n ń yọ gbogbo ohun tí iná lè jó kúrò nítòsí ilé.

Wọ́n á ro koríko tó yí ilé ká títí kan ilẹ̀, kí ilẹ̀ lásán wà láàrin ilé àti igbó. Bí iná bá ń bọ̀, kò ní rí ohun tó máa jó kọjá síbẹ̀. Bí ilẹ̀ tí wọ́n ro bá ṣe fẹ̀ tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó, pàápàá ní apá àríwá ìlà oòrùn ilé, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ewé dongoyárò tó bá wọ́ sílẹ̀, pòròpórò àgbàdo àti igi ìdáná gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara ògiri.

Ìṣòro kan wà tí onílé kò lè ṣàì ronú sí. Lẹ́yìn ìkórè, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kó ìtàkùn ẹ̀pà pamọ́ sórí òrùlé tàbí sórí igi, kí ewúrẹ́ àti àgùntàn lè rí nǹkan jẹ nígbà tí koríko bá tán. Owó ni, torí wọ́n ń tà á lọ́jà. Àmọ́ ohun gbígbẹ tó wà lórí òrùlé, oúnjẹ iná ni. Ẹni tó bá ní ààyè máa ń kọ́ pẹpẹ sí igun àgbàlá, jìnnà sí ilé ìdáná, kó má baà pàdánù oúnjẹ ẹran àti òrùlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iná igbó kì í sábà ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ lè dá a láti lé ẹran jáde. Darandaran lè sun koríko gbígbẹ kí tútù lè hù. Àgbẹ̀ lè máa sun oko, kí atẹ́gùn gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, èédú tí wọ́n rò pé ó ti kú ni, tàbí sìgá tí ẹnì kan jù sílẹ̀.

Ọdún tí àwọn ará Ghana kò lè gbàgbé ni 1983. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, iná igbó sì jó oko káàkiri orílẹ̀èdè náà, títí kan oko kòkó ní gúúsù. Ìyàn wọ̀lú. Oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló sì forí lé ilé. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n dé, ilẹ̀ tí ọ̀dá àti iná ń bá jà ni wọ́n sì dé bá.

Lọ́dún 1983 yẹn náà ni ìjọba Ghana gbé òfin jáde lórí iná igbó. Wọ́n fi òfin mìíràn, PNDC Law 229, rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1990, òun náà ló sì sọ dídá iná igbó láìbófinmu di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́.

Nínú ìlú, iná ilé ìdáná àti iná mànàmáná ló yẹ kí èèyàn ṣọ́ jù. Wáyà tó ti bó, ẹ̀rọ tí wọ́n kì í pa, àti ààrò èédú tí wọ́n gbé sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, gbogbo wọn ló léwu jù nígbà tí nǹkan bá gbẹ. Nọ́ńbà àjọ panápaná Ghana ni 192. Ó yẹ kí ọmọdé inú ilé mọ̀ ọ́n, kí garawa iyanrìn kan sì wà nítòsí ilé ìdáná, torí omi lè má sí lọ́jọ́ náà.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹni tí òtútù bá ń mú lóru. Ẹ má gbé ààrò èédú wọ yàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ó ń pa èèyàn sójú oorun.

Omi: Ohun tó ń dínkù lójoojúmọ́

Omi ẹ̀rọ tí Tamale ń mu ń wá láti odò White Volta. Ní Nawuni ni wọ́n ti ń fà á, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ ní Dalun. Ọdún 1972 ni ilé iṣẹ́ omi Dalun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì mú kó gbòòrò sí i lọ́dún 2008. Síbẹ̀, ìlú ń dàgbà, odò sì máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò kan náà tó ń kún bo oko lóṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń wá omi rẹ̀ tì lóṣù Kẹta.

Èyí ló fà á tí fífọ tánkì, ìkòkò omi àti kẹ́ẹ̀gì fi jẹ́ ara ìpalẹ̀mọ́ fún ọyẹ́. Kẹ́ẹ̀gì òfeefèé tí wọ́n ń lò jákèjádò Ghana ní orúkọ ìnagijẹ: "Kufuor gallon". Orúkọ John Kufuor, tó jẹ ààrẹ láti 2001 sí 2009, ni wọ́n fi pè é, nítorí ọ̀wọ́n omi tó mú kí gbogbo èèyàn máa gbé e kiri nígbà náà.

Ohun èlò omi gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Eruku ọyẹ́ á wọ inú èyí tí kò ní, ẹ̀fọn náà á sì yé sínú rẹ̀ ní àkókò tó yẹ kí ẹ̀fọn dínkù. Gọ́tà tí wọ́n fẹ́ fi gba òjò àkọ́rọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ́, torí ẹrù eruku oṣù mẹ́rin ló máa wà lórí òrùlé nígbà tí òjò yẹn bá rọ̀.

Yorùbá ní omi ò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́ lè di ọ̀tá, Savelugu, ìlú tó wà ní àríwá Tamale, sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ ibẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn padà sí adágún tí òjò fi sílẹ̀. Láti ìparí ọdún 2006 wọ inú 2007, sòbìà tú jáde lára ọ̀pọ̀ wọn. Ní gbogbo Ghana, èèyàn 3,358 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó ní sòbìà lọ́dún 2007.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ sòbìà ni pé nǹkan bí ọdún kan ló ń gbà lẹ́yìn tí èèyàn bá mu omi náà kó tó yọ. Omi tí wọ́n mu ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ló ń fìyà jẹ wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e. Ghana rí sòbìà kẹ́yìn lóṣù Karùn-ún ọdún 2010, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì kéde lóṣù Kìíní ọdún 2015 pé ó ti kúrò lórílẹ̀èdè náà. Ti Nàìjíríà ti ṣíwájú lọ́dún 2013. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti kànga tó mọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà.

Inú yàrá: Tì í tàbí kí o ṣí i?

Bí eruku bá dé, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn ni kó ti gbogbo fèrèsé. Ó dára títí dé ibì kan. Eruku ọyẹ́ máa ń dá ikọ́ fée sílẹ̀, ó ń mú ojú yún, imú sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Òtútù òru náà lè fa ìrora fún ẹni tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó dé, wọ́n á tún àwọ̀n fèrèsé tó ti ya ṣe, wọ́n á fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á sì kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde láti sá a sí oòrùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ ti ra oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ tútù ni wọ́n fi ń nu ilé, kì í ṣe ìgbálẹ̀ lásán, torí ìgbálẹ̀ tún ń gbé eruku náà padà sínú afẹ́fẹ́ ni.

Òrí ni gbogbo ilé fi ń pa ara. Tamale wà láàrin ilẹ̀ òrí, ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ló sì ń fi ṣe òwò. Wọ́n ń fi pa ètè, gìgísẹ̀ àti inú ihò imú ọmọdé kí ó má baà gbẹ. Igi tí òrí ti ń wá náà wà lára ohun tí iná igbó ń bà jẹ́, torí náà ẹni tó dá iná sí igbó ń jó ọjà àwọn ìyá yìí náà ni.

Ṣùgbọ́n títi ilé pa ní ewu tirẹ̀. Àríwá Ghana wà nínú agbègbè tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn mìíràn ń pè ní yírùnyírùn, ti ń jà jù ní àgbáyé. Agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ láti Senegal, ó sì lọ títí dé Ethiopia, orílẹ̀èdè 26 ló sì kàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yìí ń tàn, nígbà tí eruku bá ti ṣe ọ̀nà ọ̀fun léṣe, tí èèyàn púpọ̀ sì ń sùn sínú yàrá kan tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Nígbà tó jà láàrin 1996 sí 1997, ó lé ní 250,000 èèyàn tó mú káàkiri agbègbè náà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 25,000.

Nǹkan ti yàtọ̀ láti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso lóṣù Kejìlá ọdún 2010, ó sì dé àríwá Ghana lọ́dún 2012. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹ̀yà A àrùn náà lọ tán. Àmọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣì wà. Lọ́dún 2017, ẹ̀yà C pa èèyàn tó lé ní 1,000 ní Nàìjíríà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tuntun Men5CV, tó ń kojú ẹ̀yà márùn-ún, lọ́dún 2024.

Ìmọ̀ràn tó kan ilé ni pé kí afẹ́fẹ́ máa rí ibi wọlé. Ẹ lè ti fèrèsé tó kọjú sí àríwá ìlà oòrùn, kí ẹ ṣí ti òdìkejì. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn pọ̀ jù nínú yàrá kan. Bí ibà bá sì mú ẹnikẹ́ni, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ gan, tí kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Ẹran ọ̀sìn àti igi inú àgbàlá

Nígbà òjò, wọ́n máa ń so ewúrẹ́ àti àgùntàn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà jẹ ọ̀gbìn. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ láti máa wá oúnjẹ fúnra wọn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tútù tó bá kù nínú àgbàlá ti wà nínú ewu. Ẹni tó gbin máńgòrò tàbí mòríńgà nígbà òjò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gún tàbí ẹní koríko yí i ká kí wọ́n tó tú ẹran sílẹ̀.

Ìdí igi kéékèèké náà nílò ìbòrí, kí oòrùn má baà fa gbogbo omi ilẹ̀. Ewé gbígbẹ díẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tó. Omi tí wọ́n fi ṣan àwo, tí ọṣẹ kò pọ̀ nínú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń bomi rin ín títí òjò á fi dé.

Oúnjẹ inú àká náà ń fẹ́ àmójútó. Ọyẹ́ dára fún sísá ilá, ata, ẹ̀pà àti àgbàdo, torí ohun tó bá gbẹ dáadáa kì í tètè bu. Iṣu ló yàtọ̀. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ló ń fẹ́, kí oòrùn má baà bà á jẹ́.

Tamale tí Yorùbá mọ̀

Kì í ṣe ìlú àjèjì ni Tamale jẹ́ fún Yorùbá. Ṣáájú ọdún 1970, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí pọ̀ nínú ọjà rẹ̀. J.S. Eades, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ odindi ìwé nípa wọn, Strangers and Traders, tó jáde lọ́dún 1993. Láti ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ni wọ́n ti wá, ìlú tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sì fi ṣe ilé.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo àkókò tí àṣẹ náà bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn aládùúgbò wọn ń tún ògiri ṣe, tí wọ́n ń gé koríko òrùlé, ni ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ń di ẹrù, tí wọ́n ń ta ọjà lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ilé lé lọ́wọ́. Ilé tí kò bá ní ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn òjò, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Kí ló yẹ kí onílé ṣe, nígbà wo?

Ètò yìí wúlò fún ẹni tó wà ní Tamale. Ó sì lè ṣe ẹni tó wà ní Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ìlọrin, Parakou tàbí Sokodé láǹfààní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ lè yàtọ̀ díẹ̀.

• Oṣù Kẹwàá, bí òjò bá ń dá lọ: ẹ yẹ ìdí ògiri wò, ẹ dí ibi tó bá sán, ẹ sì rẹ́ ẹ nígbà tí omi ṣì wà. Ẹ fọ tánkì, kí ẹ fi òjò tó kù kún un.

• Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá: ẹ ro yí ilé ká títí kan ilẹ̀. Ẹ gé koríko òrùlé kí iná tó ṣíwájú yín. Ẹ fi ọgbà yí igi kéékèèké ká.

• Ìparí oṣù Kọkànlá: ẹ kó pòròpórò àti ìtàkùn ẹ̀pà jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ tún àwọ̀n fèrèsé àti wáyà iná ṣe. Ẹ ra oògùn ikọ́ fée sílẹ̀.

• Oṣù Kejìlá sí Ìkejì: ẹ má sun pàǹtírí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ẹ máa dé omi. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ yàrá tí ẹ ń sùn sí.

• Oṣù Kẹta: ooru á dé, ewu lọ́rùnlọ́rùn á sì pọ̀ sí i. Ẹ kan ìṣó òrùlé, kí ẹ kó eruku kúrò nínú gọ́tà kí ìjì àkọ́kọ́ tó jà.

Kò sí èyí tó gba owó púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọkọ́, omi, amọ̀ àti ọwọ́ ni wọ́n ń gbà. Àmọ́ ọkọ́ tí wọ́n gbé lẹ́yìn tí iná ti dé ẹ̀yìnkùlé kò ní bá a mọ́, omi tí wọ́n sì fẹ́ fi po amọ̀ lóṣù Kejì ti di ti mímu nìkan.